Òjò, ọyẹ́ àbí oòrùn: ìgbà wo ló yẹ kẹ́ ẹ wọ igbó Lekki?

Ọmọ Bàrígà ni mí o, ẹ má rò pé ará Lekki ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọdún 2017 ni mo kọ́kọ́ tẹ ẹsẹ̀ mi sínú igbó yẹn, ọ̀rẹ́ mi kan ló fi agídí mú mi lọ, àtìgbà náà ni mo ti ń lọ lọ́dọọdún, nígbà míì ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, mo ti bá òjò pàdé níbẹ̀, mo ti bá ọyẹ́ pàdé níbẹ̀, mo ti bá oòrùn oṣù kẹta tó ń mú èèyàn làágùn wọ inú bàtà, mo sì ti lọ lọ́jọ́ kejì Kérésì rí, ìyẹn ni ọjọ́ tí mo búra fún ara mi. Gbogbo ẹni tó bá ti rí fọ́tò tí mo gbé sí sítátọ́ọ̀sì ló máa bi mí pé "Bọ̀dá, ìgbà wo ló dáa jù kéèyàn lọ?" Tí mo bá ti ní ó kù sọ́wọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, ojú wọn á fà ro, wọ́n á ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀ àkàwé mi. Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí n gbé ìgbà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, kí kálukú mú èyí tó bá a lára mu.

Igbó tí mò ń wí ni Lekki Conservation Centre, èyí tó dojú kọ Chevron ní títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn kọ̀ndọ́ ò ráyè pe orúkọ yẹn tán, "Jakande, Chevron, Ajah wọlé!" lẹ máa gbọ́, Chevron yẹn lẹ máa bọ́ sílẹ̀ sí. Nigerian Conservation Foundation tí Olóyè Shafi Edu dá sílẹ̀ ní 1980 ló ń bójú tó o, 1990 ni wọ́n sì dá ibẹ̀ sílẹ̀. Hẹ́kítà 78 ni, ìyẹn lé ní ọgọ́rùn-ún pápá bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá tò ó jọ. 1990 yẹn náà ni wọ́n ṣí Third Mainland Bridge tó ń gbé àwa ará ìhín kọjá ọ̀sà lọ síbẹ̀, ó kàn bọ́ síra ni o, ṣùgbọ́n mo máa ń rántí ẹ̀ tí gosiló bá dá wa dúró lórí afárá.

Ọ̀nà inú igbó náà, pákó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n gbé e lé orí àbàtà, ó lọ yí ká bíi kìlómítà méjì tẹ́ ẹ bá rìn ín tán, ó sì ya síbí ya sọ́hùn-ún, ẹ̀ka kan lọ síbi tẹ́ ẹ ti máa dúró wo àbàtà, òmíràn lọ síbi ilé tí wọ́n kọ́ sórí igi, òmíràn já sí pápá koríko níbi táwọn èèyàn ti ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀ jẹun, ibì kan sì wà tẹ́ ẹ ti máa gun kánópì, afárá gígùn tó ń mì láàárín igi yẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ni tíṣà ń kó ọmọ iléèwé gbà, òun náà ni àwọn tó fẹ́ dín ikùn kù ń rìn láàárọ̀, òun ni àwọn tó fi awò kọ́rùn tí wọ́n ń wá ẹyẹ, òun ni tọkọtìyàwó tuntun tó wá ya fọ́tò, òun ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ wá tó ń ṣe bí ẹni pé òun mọ orúkọ gbogbo igi. Ohun tí ẹnì kan ń wá lè máa lé ẹnì kejì lọ, ẹni tó ń wá ẹyẹ ò fẹ́ gbọ́ ariwo ọmọ iléèwé. Ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ ló máa sọ ẹni tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀.

Ní séékọ́ndìrì, ìgbà méjì ni wọ́n kọ́ wa pé a ní, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú igbó yìí, márùn-ún ni mo kà. Òjò ńlá wà, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje, oṣù kẹfà sì ni bàbá gbogbo wọn. Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì ló tẹ̀ lé e, tí òjò á lọ sinmi. Òjò kejì á tún wá ní oṣù kẹsàn-án wọ oṣù kẹwàá. Tó bá di oṣù Kérésì, ọyẹ́ dé. Tí ọyẹ́ bá ti ká ẹsẹ̀ nílẹ̀, ooru oṣù kejì sí oṣù kẹta ló kù, èyí tí NEPA máa ń yàn láti mú iná lọ. Òjò kejì yẹn, mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ẹ̀, àbúrò òjò ńlá ni, ìwà kan náà ni wọ́n ń hù.

Ohun tẹ́sẹ̀ yín máa tẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, torí pákó ni gbogbo ẹ̀. Tó bá ti di oṣù karùn-ún, pákó yẹn á ti mu omi yó, nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń hù lára ògiri tí òjò ń lù á hù sí i lójú, á wá máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Oṣù kẹfà 2022, mo wọ kánfáàsì kan tí ìdí ẹ̀ ti jẹ tán, mo ní ṣebí ìrìn lásán ni, kí n tó gbé ẹsẹ̀ kẹwàá mo ti jókòó sílẹ̀ gbì. Àwọn ọmọ iléèwé kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi, wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n tíṣà wọn ti yíjú sí wọn, ni gbogbo wọn bá pa ẹnu pọ̀ kí mi, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà!" Ìkíni yẹn dùn mí ju ìdí tó ń ta mí lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ìgbà òjò yẹn gan-an ni igbó náà jẹ́ ara ẹ̀. Omi á gòkè wá débi pé ó ku díẹ̀ kó kan pákó, omi dúdú bíi tíì tí wọn ò da mílíìkì sí. Kì í ṣe ìdọ̀tí, ewé tó ń jẹrà nínú ẹ̀ ló pa á láró. Òjìji igi á hàn nínú ẹ̀ ketekete bíi dígí. Ẹ wá lọ wò ó ní oṣù kẹta, omi náà á ti fà lọ ní ibi púpọ̀, ẹrẹ̀ tó ń sán ló máa kù, àti gbòǹgbò igi tó gbé orúnkún sókè bí àgbàlagbà tó jókòó sórí àpótí. Èyí náà ní ẹwà tiẹ̀, èèyàn á rí ohun tí omi ti ń bò mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ pé torí omi ló wá, ó ti pẹ́ dé.

Nígbà ọyẹ́, pákó gbẹ, bàtà ń dún lórí ẹ̀ kó-kó-kó. Ìràwé á bo gbogbo ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń rìn, gbogbo ẹranko tó wà níbẹ̀ á ti gbọ́ pé àlejò ń bọ̀. Ọyẹ́ ibẹ̀ ò le tó tàwọn ará Ìlọrin ṣá o, òkun àti ọ̀sà ti mú wa láàárín, ètè á kàn gbẹ díẹ̀ ni, kì í ṣe èyí tí ń la ẹsẹ̀.

Tí wọ́n bá wá ní kí n yan ọ̀kan nínú gbogbo ẹ̀ fún ẹsẹ̀ nìkan, Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì ni mo máa mú, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Omi ṣì wà lókè nítorí òjò ńlá ò tíì pẹ́ tó lọ, síbẹ̀ òjò ò rọ̀ débi tí pákó á máa yọ̀, tó bá fi máa di aago mẹ́wàá àárọ̀ ojú pákó ti gbẹ. Àwọn tó mọ̀ nípa ojú ọjọ́ ní ìlà òjò ńlá yẹn ló máa ń ṣí lọ sókè ìhà àríwá lákòókò náà, omi òkun etíkun wa náà á sì tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìkùukùu á wà lójú ọ̀run ṣùgbọ́n kò ní rí agbára rọ̀. Tí ìlà yẹn bá ń padà bọ̀ sísàlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án la tún máa ń jẹ òjò kejì. Ìkùukùu tí kò rọ̀ yẹn ni agbòòrùn ọ̀fẹ́ tẹ́ ẹ máa rìn lábẹ́ ẹ̀. Mi ò mọ ohun tí ń mú káwọn èèyàn máa dúró de Kérésì.

Ẹranko: ta ló ń jáde nígbà wo

Ọ̀bọ mona ni ọ̀gá ibẹ̀. Ẹ máa dá wọn mọ̀, ikùn wọn funfun, àmì funfun méjì roboto sì wà ní ìdí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù. Ọ̀bọ ò mọ òjò ò mọ ẹ̀ẹ̀rùn, oúnjẹ ló mọ̀. Ọjọ́ tí èrò bá pọ̀ tí kúlà àti náílọ́ọ̀nù jọ̀lọ́ọ̀fù kún pápá, ẹ máa rí wọn nítòsí, nítòsí jù tiẹ̀ ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú bisikíìtì lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, mo ní "Tèmi, fi nǹkan yẹn sínú báàgì", ó ní "Ẹ jẹ́ n jẹ ọ̀kan péré, Bọ̀dá mi", ọ̀kan péré tó wí ò dé ẹnu ẹ̀, ọ̀bọ ti gba gbogbo páálí, ó ti wà lórí igi, ó ń wò wá bí ẹni pé àwa la jẹ ẹ́ lówó. Ẹ má fún wọn ní oúnjẹ o. Ọ̀bọ tó bá ti mọ adùn bisikíìtì, èso igi ò ní wù ú wá mọ́, ọmọ yín tó bá wá ń lọ jẹ́jẹ́ ẹ̀ ló máa lọ já ní nǹkan gbà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe gan-an, tí wọ́n ń fò látorí igi sórí igi, tí ìyá gbé ọmọ mọ́ àyà, ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ má gbé oúnjẹ lọ́wọ́, ẹ dákẹ́, ẹ gbójú sókè. Nǹkan kan wà nípa wọn tó máa ń yà mí lẹ́nu: àwọn mona kan wà ní erékùṣù Grenada lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn olówò ẹrú ni wọ́n bá dé ibẹ̀ láti apá ọ̀dọ̀ wa níbí. Àwọn náà ní ìbátan lókè òkun bíi tiwa.

Ọ̀nì ni òdìkejì ọ̀bọ, ẹ̀ẹ̀rùn ni tiẹ̀. Ara ọ̀nì ò lè dá ooru ṣe fún ara ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jáde wá yá oòrùn, omi tó bá sì ti fà ò jẹ́ kó ríbi sá pamọ́ sí. Oṣù kejì ni mo rí èyí tó tóbi jù tí mo tíì rí níbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, kò mira, obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ère ni, ó fẹ́ ju òkúta lù ú, ọkọ ẹ̀ ló di ọwọ́ ẹ̀ mú. Láàárín òjò ńlá, mo lè rìn látàárọ̀ dọ̀sán kí n má rí ojú ọ̀nì kankan, omi ti wà níbi gbogbo, ibi tó wù ú ló lè wà.

Ẹni tó bá ń wá ẹyẹ, kó máa wo àárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta. Àwọn ẹyẹ kan wà tó ń sá òtútù ìlú òyìnbó, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa ń wá jókòó sí títí òtútù á fi lọ tán. Lékeléke náà, ẹ̀ẹ̀rùn là ń rí wọn jù, àwa tá a dàgbà ní Mainland rántí bá a ṣe máa ń na èékánná sí wọn. Àwọn igi kan pẹ̀lú máa ń wọ́ ewé sílẹ̀ díẹ̀ nígbà yẹn, ojú á lè ríbi gbà. Nínú òjò, etí lẹ máa fi ṣọdẹ: àkèré àti ọ̀pọ̀lọ́ á máa kọ ní ọ̀tún àti òsì, ewé ti dí, ẹyẹ ń ké ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí i. Labalábá ló máa pọ̀ nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí oòrùn yọ, ìgbín náà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ o, kì í ṣe ọjà Mushin. Ahun, ọ̀kín àti awọ́nríwọ́n, ìgbàkígbà lẹ lè bá wọn pàdé. Ẹtu àti ìgalà wà lóòótọ́ ṣùgbọ́n ìtìjú ń ṣe wọ́n, mi ò tíì fojú kan ọ̀kan rí.

Kánópì

Ohun tó ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé ibẹ̀ nìyí, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ó gùn tó mítà 401, 2015 ni wọ́n ṣí i, kò sì sí èyí tó gùn tó o ní gbogbo Áfíríkà. Ẹ ó gun àkàbà lọ sókè, ẹ ó máa rìn lórí ohun tóóró kan tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí igi, ibi tó ga jù níbẹ̀ ju ogún mítà lọ sílẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì wà lọ́tùn-ún lósì, ẹ ò lè já bọ́, ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ìyẹn fún orúnkún yín. Bẹ́ ẹ bá ti dé àárín, títẹ̀síwájú rọrùn ju pípadà lọ, torí èrò ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ìgbà òjò, ẹ má fi kánópì ṣe ìdí tẹ́ ẹ fi lọ. Àrá ò kọ ibi gíga, irin tó tutù sì ń yọ̀, òjò tó bá ti ṣú, ẹ má gùn ún. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo fi agídí lọ lóṣù keje, ìsàlẹ̀ ni mo dúró sí fún wákàtí kan àtààbọ̀ tí mò ń wo ojú ọ̀run bí àgbẹ̀, mo wá padà sílé láì gùn ún. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, gígun ẹ̀ dùn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n kí lẹ máa rí lókè? Eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà lọ́hùn-ún ti bo ojú ọ̀run, àwọn ilé Lekki á wà lọ́ọ̀ọ́kán bí ohun tí wọ́n yà tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́. Oṣù kẹta, ojú ọjọ́ mọ́, àmọ́ oòrùn ọ̀sán lórí ibẹ̀ ò ṣàánú ẹnikẹ́ni, òkè igi lẹ wà, ibòji wà ní ìsàlẹ̀.

Ẹ tún ti mọ èyí tí mo fẹ́ sọ. Oṣù kẹjọ, òjò ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, oòrùn ò mú, láti òkè ibẹ̀ igbó náà tẹ́ lọ bí ẹní tuntun, òrùlé ilé sì yí i ká níbi gbogbo. Àyà mi máa ń já díẹ̀ tí mo bá rí i báyẹn. Hẹ́kítà 78 kéré lójú gbogbo sìmẹ́ǹtì yẹn. Omi òjò tí àbàtà yìí ń gbà sára, tí wọ́n bá yọ igbó yẹn kúrò, pálọ̀ àwọn èèyàn ló máa gbà á.

Ẹ̀fọn

Òjò: ó pọ̀. Ọyẹ́: ó dín. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn nígbàkígbà, kẹ́ ẹ fi kírímù ẹ̀fọn pa ọwọ́ àti ọrùn, pàápàá tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ lọ́wọ́. Mo ti tán lórí ìyẹn.

Ọ̀nà àti èrò

Èkó ò gba gbẹ̀rẹ́, ìrìn inú igbó ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrìn àtidé ibẹ̀. Láti Bàrígà, Ọbáléndé ni mo máa ń lọ kí n tó wọ ọkọ̀ Ajah. Ẹ má retí ọ̀kadà lọ́nà Lekki o, láti oṣù kẹfà 2022 ni ìjọba ti fòfin dè é ní Etí-Ọ̀sà àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún míì, ẹni tó bá ti ní òun á bọ́ sílẹ̀ níwájú kóun wá fi ọ̀kadà gé e, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló máa fi gé e.

Nígbà òjò ńlá, ewu tó wà lọ́nà ju èyí tó wà nínú igbó. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un, àwa tá a wà nínú bọ́ọ̀sì la sì máa ń wà láàárín àwọn méjèèjì. Òjò wákàtí méjì péré lè sọ àwọn àdúgbò kan ní Lekki di odò, mọ́tò á máa wẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa lọ ní oṣù kẹfà, ẹ wo ojú ọ̀run àárọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde, tó bá ti ṣú láti ilé, ẹ padà lọ sùn. Òjò ò b'ẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa.

Oṣù Kérésì, ọ̀nà gbẹ, àmọ́ gbogbo Èkó ló wà lórí ẹ̀. Ọjọ́ kejì Kérésì tí mo ní mo búra yẹn, mo jáde nílé ní aago mẹ́jọ, aago kan kọjá kí n tó dé géètì, mo tò síbi tíkẹ́ẹ̀tì, mo tún tò síbi kánópì, wọ́n ní ká fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wa lórí afárá, ẹni iwájú mi dúró ń ya fídíò ijó, ẹni ẹ̀yìn mi ń gbàdúrà sókè. Ọ̀bọ kan ò yọjú, mi ò dá wọn lẹ́bi. Awakọ̀ tó gbé mi padà ní owó ọdún lòun máa gbà, ìlọ́po mẹ́ta. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìgbà tí gbogbo ayé ń lọ síbì kan kì í ṣe ìgbà tí ibẹ̀ dáa jù, ìgbà tí ọ̀gá wọn fún wọn ní ọlidé ni.

Ọjọ́ iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ mú. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni wọ́n máa ń ṣí, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì, ẹni tó bá wọlé kí aago mẹ́wàá tó lù ló máa ní igbó náà fún ara ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bá bọ́ọ̀sì iléèwé mẹ́ta níwájú géètì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ síbi kánópì, ẹ̀yin ẹ gba ọ̀nà àbàtà lọ.

Ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì

Fún òjò: kánfáàsì tí ìdí ẹ̀ ṣì ní eyín (mo ti sọ tẹnu mi), rénkóòtù, torí agbòjò ò wúlò láàárín ẹ̀ka igi, náílọ́ọ̀nù kékeré fún fóònù, ìbọ̀sẹ̀ kejì. Fún ẹ̀ẹ̀rùn: fìlà, omi tó pọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ rò lọ, àti ìpara fún ètè tó bá jẹ́ ọyẹ́. Fún oṣù kẹjọ: kárídígáànì tín-ínrín, torí òtútù máa ń wà láàárọ̀, kò sì sí nǹkan míì.

Tó bá jẹ́ pé Chevron ò rọ yín lọ́rùn

LUFASI, igbó kan tí wọ́n tún ti ń tọ́jú ẹranko, wà níwájú síi lọ́nà Ẹ̀pẹ́, èyí tí Desmond Majekodunmi dá sílẹ̀, hẹ́kítà 20 ni. Ó kéré sí ti Chevron, èrò ibẹ̀ náà kéré, ọkàn balẹ̀ níbẹ̀ jù. Ilẹ̀ lásán lẹ máa rìn níbẹ̀ jù, fún ìdí yìí ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ ẹ́, nínú òjò ẹrẹ̀ á fẹ́ bá yín dé ilé. Tó bá jẹ́ pé igi tó ga lórí omi àti kánópì lẹ ń wá, kò sí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ lẹ ń wá lọ́jọ́ ọlidé, mo máa ní kẹ́ ẹ lo owó epo tó lé yẹn.

Àwa ará Mainland tí ò lágbára afárá lójoojúmọ́, etí ọ̀sà ní UNILAG, Àkókà, dáa fún ìrìn ìrọ̀lẹ́ pàápàá nígbà ọyẹ́, Ndubuisi Kanu Park ní Alausa náà dáa fún ẹni tó fẹ́ na ẹsẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbà nìyẹn, kì í ṣe igbó, ẹ má gbé ìkan pọ̀ mọ́ ìkejì. Koríko tí wọ́n gé ò mọ ìgbà, ìgbà gbogbo ló rí bákan náà.

Ó yá, ẹ yan

Ẹni tó ní ọmọ kékeré, kó lọ ní oṣù kejì, ọ̀nì á jáde, pákó á gbẹ, kí wọ́n ti kúrò níbẹ̀ kí oòrùn ọ̀sán tó dé. Àwọn tó ń wá ẹyẹ, oṣù kọkànlá, èrò Kérésì ò tíì dé, ẹyẹ ìlú òyìnbó sì ti dé. Ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò tó máa mú àwọn èèyàn bi í pé "Nàìjíríà nìyí?", kó fara da oṣù keje, omi dúdú àti ewé tútù yẹn kì í pọ̀ tó báyẹn nígbà míì, kó kàn mọ̀ pé òun lè ṣubú. Àwọn tó fẹ́ gun kánópì fún ìgbà àkọ́kọ́ tí àyà wọn ń já, oṣù kẹjọ. Àgbàlagbà, oṣù kẹjọ. Ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́, oṣù kẹjọ.

Ẹni tó bá jẹ́ pé oṣù Kérésì nìkan ló ráyè, torí ìgbà yẹn ló ń ti Ìbàdàn tàbí London dé, kó lọ kí ó tó di ogúnjọ́ oṣù, ní Túsìdeè, kó má tiẹ̀ dúró jẹun níbẹ̀.

Èmi ní tèmi, Màámi ló kàn. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọn ò tíì dé ibẹ̀ rí, àtọdún mẹ́ta ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kí làwọn fẹ́ lọ wò nínú igbó nígbà tó jẹ́ pé inú igbó làwọn ti sá wá sí Èkó. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní "Oṣù kẹjọ tó o wí yẹn, ọjọ́ wo gan-an ni?" Mo ní Túsìdeè, Mà. Wọ́n ti lọ ra kánfáàsì ní Yábà. Mo yẹ ìdí ẹ̀ wò, ó ní eyín dáadáa.